Owó káàdì ni àbí owó ìtọ́jú? Oríṣi dókítà méjì tó ń da orí àwọn èèyàn wa rú ní Amẹ́ríkà

Lẹ́tà kan ló máa ń dá wàhálà náà sílẹ̀. Kì í gùn, ojú ìwé kan péré ni. Dókítà tó ti ń tọ́jú tọkọtaya kan àtàwọn ọmọ wọn láti ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, ló máa fi ránṣẹ́. Á kí wọn dáadáa, á ní òun mọ rírì wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá sọ ohun tó tìtorí ẹ̀ kọ̀wé: bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀, èèyàn 600 péré lòun á máa tọ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ wà lára wọn, kó san nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ́dún, owó ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o. Ẹni tí kò bá lè san án, kó tètè máa wá dókítà mìíràn.

Háà! Ẹni tó mọ ìgbà tí ìyàwó bímọ, tó mọ oògùn tí kò bá ọkọ lára mu, òun náà ló wá di ẹni tí wọ́n ń san owó ìwọlé kí wọ́n tó fojú kàn yìí?

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti ń wọ ilé àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn, kò sì yọ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston, Chicago tàbí Maryland sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń pàtẹ ní Gbági àti Òyìngbò lè ní èwo ló kan àwọn nínú ìyẹn. Ó kàn yín! Ẹni tó bá ní ọmọ lọ́hùn-ún, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ní kó wá bá àwọn gbé ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún àlejò níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ò sì ní torí pé màmá ń lọ kí ọmọ-ọmọ kó wá dúró dè é sílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí tiwọn ṣe rí. Níbí, owó lọ́wọ́ lọ̀rọ̀ ọsibítù. Ẹ ra káàdì, ẹ rí dókítà, ẹ san owó abẹ́rẹ́, ẹ máa lọ. Lọ́dọ̀ wọn, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló jókòó sáàárín. Aláìsàn á máa san owó fún ìnṣọ́ránsì lóṣooṣù, ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á síṣẹ́ sì lè bá a san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ara ẹ̀ ò bá yá, dókítà á tọ́jú ẹ̀, á wá kọ ìwé owó ránṣẹ́ sí ìnṣọ́ránsì. Ìnṣọ́ránsì lè san gbogbo ẹ̀, ó lè gé e kù, ó lè dá ìwé padà pé wọn ò kọ ọ́ dáadáa.

Ìwé yìí ló dá dókítà lágara. Ó ní láti gba àwọn akọ̀wé tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa lé owó kiri. Kí owó oṣù àwọn yẹn tó lè yọ, á kó èèyàn 2,000 jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì máa kan ẹnì kan tó bá wọlé. Ẹlòmíràn á dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó kàn án. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ wo bó ṣe máa rí bí ẹ bá gba aṣọ 2,000 kalẹ̀ de Iléyá.

Ibi tí àwọn dókítà kan ti ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà sá, ìlú kan náà sì ni ọ̀nà méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀.

ÌLÚ KAN, Ọ̀NÀ MÉJÌ

Seattle ni ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ Washington, lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Dókítà Howard Maron ni dókítà ẹgbẹ́ SuperSonics níbẹ̀, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú agbọ̀n. (Ẹgbẹ́ náà ti kó lọ sí Oklahoma City látọdún 2008.) Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń tọ́jú irú àwọn ọmọ gàgàrà bẹ́ẹ̀: bó bá fi ẹsẹ̀ kọ díẹ̀, dókítà ti dé. Lọ́dún 1996, Maron àti Dókítà Scott Hall dá ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ MD2 sílẹ̀, kí ẹni tí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù ṣùgbọ́n tó lówó bíi tiwọn lè máa rí irú ìtọ́jú náà. Ìdílé 50 ni dókítà kan ń bójú tó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni owó ọdún kan.

Èyí ni wọ́n ń pè ní concierge. Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Concierge lẹni tó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ilé ńlá tí èèyàn púpọ̀ ń gbé. Ní òtẹ́ẹ̀lì àwọn olówó, òun ló ń bá àlejò pe mọ́tò, tó ń bá a wá tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn dókítà kan ò fẹ́ràn orúkọ yẹn rárá, ta ni kò sì ní mọ ìdí ẹ̀? Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wọn lára.

Lọ́dún 2000, ilé-iṣẹ́ mìíràn, MDVIP, bẹ̀rẹ̀ ní Boca Raton, Florida. Àwọn ló sọ ọ́ di ọjà tí ẹni tó ń rówó ná díẹ̀ náà lè dé. 1,500 dọ́là lọ́dún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ti gbéra láti ìgbà yẹn. Dókítà tó bá bá wọn ṣe kì í tọ́jú ju èèyàn 600 lọ. Lónìí, dókítà tó wà lábẹ́ wọn ti ju 1,000 lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Seattle. Lọ́dún 1997, ọdún kan péré lẹ́yìn Maron, Dókítà Garrison Bliss àti ẹnì kejì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù lọ́wọ́ àwọn aláìsàn wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe olówó ni Bliss ń wá. Ohun tó ń bá jà ni ìnṣọ́ránsì tó dúró sáàárín. Lọ́dún 2007, òun àtàwọn mìíràn dá Qliance sílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ lásán náà lè rí dókítà fi owó oṣù rí. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Washington ṣe òfin pé ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oníṣòwò ìnṣọ́ránsì, dókítà ni. Láti ìgbà náà, ó ju ìpínlẹ̀ 30 lọ tó ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì nìyẹn, òun ni wọ́n ń pè ní Direct Primary Care, tàbí DPC ní ìkékúrú. Direct ni tààrà: owó kúrò lápò aláìsàn, ó bọ́ sápò dókítà, ẹnikẹ́ni ò dúró láàárín. Primary Care ni ìtọ́jú tí a kọ́kọ́ ń wá lọ: ibà, ikọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ojú ọgbẹ́ tó fẹ́ rírán.

NÍBO WÁ NI WỌ́N TI YÀTỌ̀?

Bí èèyàn bá wò ó lóréfèé, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ń gba owó kí ara tó dà rú. Àwọn méjèèjì ò kó èrò jọ. Ẹ lè rí dókítà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pè é tàbí ọjọ́ kejì, ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sì ní máa wo aago mọ́ yín lójú. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn kó sí páńpẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ wá bá wa dá sí i. Ká ní mẹkáníìkì kan sọ fún oníbàárà pé: "Alàgbà, ẹ máa san 2,000 lọ́dún kí n má baà to mọ́tò yín sẹ́yìn mọ́tò èèyàn, kí n sì máa gbé fóònù yín lóru. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá tú ẹ́ńjìnnì, owó ẹ́ńjìnnì tún wà lọ́tọ̀. Ìnṣọ́ránsì yín ni mo máa kọ ọ́ sí." Concierge nìyẹn.

Èkejì ẹ̀ ní: "Ẹ máa fún mi ní 75 lóṣù. Bí mọ́tò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bó dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ ṣáà gbé e wá, n kò ní gba kọ́bọ̀ mọ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Èmi àti ìnṣọ́ránsì ò ní nǹkan pọ̀." DPC nìyẹn.

Ẹ ti rí i báyìí. Owó káàdì ni owó concierge, àfi pé káàdì náà gbówó lórí. Ó gbé yín wọlé, ó fún yín ní ìjókòó níwájú, ó sì lè fi àyẹ̀wò ara ọdọọdún kan tó jinlẹ̀ kún un. Ìtọ́jú gan-an, ìnṣọ́ránsì ṣì ni wọ́n máa kọ owó ẹ̀ sí, aláìsàn á sì san èyí tó bá kù. Owó DPC ní tiẹ̀, owó ìtọ́jú fúnra ẹ̀ ni.

Ó ku ibì kan tó díjú. Nínú àwọn concierge tó wọ́n jù, a rí àwọn tí kì í fọwọ́ kan ìnṣọ́ránsì rárá, torí owó tí wọ́n ń gbà ti tó wọn. A sì rí dókítà tó ń pe ara ẹ̀ ní DPC torí pé orúkọ yẹn ló ń tà. Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ síwèé má wo àkọlé ara ògiri. Ìbéèrè kan ni kó bi wọ́n: "Lẹ́yìn tí mo bá san èyí tán, tí mo bá wá rí dókítà, ṣé ẹ tún máa kọ ìwé owó ránṣẹ́ síbì kan?" Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, owó káàdì ló san.

Ẹ wo Dókítà Josh Umbehr ní ìlú Wichita, Kansas. Lọ́dún 2010 ló dá AtlasMD sílẹ̀. Iye tó fi bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti kà: ọmọdé 10 dọ́là lóṣù, ẹni ogún ọdún sí mẹ́rìnlélógójì, 50, ẹni tó ti lé márùndínláàádọ́ta ṣùgbọ́n tí kò tíì pé márùndínláàádọ́rin, 75, àgbàlagbà tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, 100. Tọkọtaya tí ò tíì pé ogójì ọdún, tí wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, 130 dọ́là lóṣù nìyẹn, 1,560 lọ́dún fún ẹni márùn-ún. Owó yẹn ò tó ohun tí lẹ́tà tó wà lókè yẹn ń bi ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ dókítà DPC ló ti kọjá iye yìí báyìí, ìlú sì ju ìlú lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ nìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn oníṣòwò á gbádùn. Umbehr ń ra oògùn lọ́pọ̀, bí ẹni ra ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní páálí-páálí, ó sì ń tà á fún àwọn èèyàn ẹ̀ ní iye tó fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tó rà á. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló gba dókítà láyè o. Ní Texas, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, òfin ò fẹ́ kí dókítà máa ta oògùn bẹ́ẹ̀. Kẹ́míìsì ni aláìsàn máa gbé ìwé oògùn lọ.

Ìyá oníàdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni kẹ́ ẹ fi ojú inú wò báyìí. Ẹ sọ pé ọmọ ọdún 66 ni, ó sì wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ obìnrin ní Houston láti oṣù kan ààbọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ bi í léèrè.

"Màámi, mélòó ló kù nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín?"

"Mẹ́rin ló kù. Mo ti ń lò ó lọ́jọ́ kan sí méjì, kó má baà tètè tán."

"Ẹ ń ṣe kí ni?"

"Pẹ̀lẹ́ ná, ìwọ ọmọ yìí. Wọ́n ní dókítà yín níbí wọ́n. N kò wá síbí wá jẹ yín ní gbèsè."

Ìyá mélòó ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Kò ní ìnṣọ́ránsì ibẹ̀. Èyí tí wọ́n rà fún un nítorí ìrìn-àjò, bó bá rí bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe rí, kì í sanwó fún àìsàn tó ti wà lára kí èèyàn tó wọkọ̀ òfuurufú. Kẹ́ ẹ bi wọ́n nípa ìyẹn kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ wá ronú pé kóun san owó concierge fún màmá lọ́dọ̀ dókítà tòun. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. 2,000 dọ́là fún ọdún kan, màmá ò sì ní lò ju oṣù mẹ́rin ààbọ̀ lọ mọ́. Bí màmá bá wá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ta ni wọ́n máa kọ owó ìtọ́jú sí? Kò ní ìnṣọ́ránsì. Ọmọ náà ló tún máa san án. Owó káàdì ti lọ, owó ìtọ́jú tún tẹ̀ lé e.

Lọ́dọ̀ DPC, bí wọ́n bá ń gba 100 lóṣù, oṣù márùn-ún ò ju 500 dọ́là lọ. Àwọn mìíràn á gba owó ìforúkọsílẹ̀ díẹ̀, àwọn mìíràn á ní ó gbọ́dọ̀ pé iye oṣù báyìí kẹ́ ẹ tó lè kúrò, ìyẹn náà gba ìbéèrè. Ṣùgbọ́n màmá á rí dókítà tó máa wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, tó máa kọ oògùn fún un, tó máa tún wọn ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láìgba nǹkan mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó gbajúmọ̀, bíi amlodipine, kò wọ́n nínú kẹ́míìsì ibẹ̀. Fífi oògùn ṣọ́ra lójú owó dókítà ló ń pa àwọn ìyá wa lára níbẹ̀, kì í ṣe owó oògùn gan-an.

ÈYÍ TÍ ÀWỌN MÉJÈÈJÌ Ò LÈ ṢE

Ibi tó yẹ ká ti rọra nìyí. Bó bá di òru, tí ẹ̀gbẹ́ kan ara màmá wá kú, tí ẹnu ń wọ́, kò sí èyí tó lè gbé e nínú DPC àti concierge. Ọkọ̀ áńbúláǹsì, yàrá pàjáwìrì, bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, iṣẹ́ abẹ, dókítà ọkàn, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀ tí owó oṣù yẹn kàn. Òfin Amẹ́ríkà kan láti ọdún 1986 ní ọsibítù tó bá ní yàrá pàjáwìrì gbọ́dọ̀ yẹ ẹni tó bá wọlé wò, kó sì mú ara ẹ̀ dúró, yálà ó lówó tàbí kò ní. Ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò ní kí wọ́n má fi ìwé owó ránṣẹ́ lẹ́yìn náà, ìwé owó ọ̀hún sì lè ju owó ọjà ọdún mẹ́wàá lọ.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n lára àwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣe méjèèjì pọ̀: wọ́n á wà lọ́dọ̀ DPC fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti ibà, wọ́n á ra ìnṣọ́ránsì tí owó oṣù ẹ̀ kéré fún ọ̀ràn ńlá, irú èyí tó jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là àkọ́kọ́, àpò yín ló ti máa jáde kí ìnṣọ́ránsì tó bù sí i. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4, oṣù keje, 2025 tún rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026, ẹni tó bá ní irú àpò ìfowópamọ́ ìlera tí wọ́n ń pè ní HSA lè máa fi owó tí wọn ò gba owó orí lé lórí san DPC, bí kò bá ti ju 150 dọ́là lóṣù fún ẹnì kan, tàbí 300 fún ìdílé. Èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún lè béèrè ẹ̀ níbi iṣẹ́.

Ká má wá rò pé áńgẹ́lì làwọn DPC. Qliance tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Seattle yẹn, àwọn olówó bíi Jeff Bezos àti Michael Dell fi owó sí i. Ó gba òṣìṣẹ́, ó gba àwọn tálákà tí ìjọba ń bá sanwó pẹ̀lú. Lọ́dún 2017, ó kógbá sílé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, àwọn aláìsàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá dókítà kiri. Àwọn DPC kéékèèké tó jẹ́ dókítà kan, nọ́ọ̀sì kan, ló pọ̀ jù báyìí, bí dókítà kan náà bá sì ṣàìsàn, tàbí tó kó lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ di rannto.

Ohun tó dunni jù nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ò hàn nínú lẹ́tà tí a fi bẹ̀rẹ̀. Dókítà tó ní èèyàn 2,000 ní òun á mú 600. Àwọn 1,400 tó kù ńkọ́? Wọ́n á lọ tò sẹ́yìn àwọn dókítà tí ilé wọn ti kún tẹ́lẹ̀. Dókítà DPC náà kì í sábà gbà ju 600 tàbí 800 lọ, nítorí náà kò lè bọ́ nínú ẹ̀sùn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tiẹ̀ kéré. Àwọn dókítà ń fèsì pé bí àwọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá, gbogbo 2,000 á sì pàdánù. Òótọ́ lè wà níbẹ̀. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá lọ́dọ̀ dókítà kan, tó wá bá lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, kò dájú pé ìdáhùn yẹn á dùn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tẹ́ ẹ ti lọ bá ọmọ gbé lọ́hùn-ún, tí ọ̀rọ̀ oògùn tàbí dókítà sì bá yín níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ jẹ́ ká mọ iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, àti ohun tí owó náà ṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀ pé òun kọ̀wé, kó sọ bẹ́ẹ̀, a ò ní dárúkọ ẹ̀.